Àga Tí Bàbá Tíṣà Fún Omi

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ sin bàbá bàbá mi, omi ló kọ́kọ́ wọ inú sàréè wọn. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ní kí a sin àwọn sí, wọ́n sì ti sọ ọ́ títí ó fi sú wa í gbọ́. Àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí tó ń gbẹ́lẹ̀ kò tíì wọlẹ̀ dé ìbàdí tí omi dúdú fi bẹ̀rẹ̀ sí í sun láti ẹ̀gbẹ́ kòtò. Wọ́n fi korobá gbọ́n ọn, ó tún sun. Wọ́n gbọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan sí i, kò dá wọn lóhùn, ó ń kún lọ. Obìnrin kan tó dúró lẹ́yìn mi káwọ́ lérí, ó ní, "Yéè! Ilẹ̀ kọ̀ wọ́n o!" Kí n tó yíjú láti wo ẹni tó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti jáde sí títì.

Inú bí mi débi pé n kò lè sunkún mọ́. Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti omi àti atẹ́gùn, tó sọ ọ́ títí àwa ọmọ-ọmọ fi ń sá pamọ́ tí a bá gbúròó rẹ̀, ṣé òun ni ilẹ̀ máa wá kọ̀? Bàbá Sàídì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí í ṣe àkọ́bí wọn, ti mú fóònù jáde. Wọ́n ní kí a má wulẹ̀ da ara wa láàmú, kí a gbé bàbá lọ sí ìtẹ́ òkú ìjọba níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ. Èmi sì mọ̀ pé bí òkú bá gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ "ilẹ̀ kọ̀ wọ́n" lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí àdúgbò máa fi rántí bàbá títí láé nìyẹn. N kò gbà. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, torí pé ẹ̀kọ́ wọn ni mo fi jà fún wọn.

Bàbá Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n. Wọ́n wá sí Èkó nígbà tí irùngbọ̀n wọn kò tíì hù tán, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Olódì-Àpápá títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ ni wọ́n fẹ̀yìn tì o, wọn kò fẹ̀yìn ti nǹkan kan mìíràn. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo dàgbà sí, nítorí bàbá mi ti kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé n kò rí wọn kí wọ́n jókòó jẹun tán rí. Ìyá Àgbà, ìyàwó wọn, a gbé oúnjẹ kalẹ̀. Bàbá a bu òkèlè kan, wọ́n a dìde lọ wo ojú ọ̀run, wọ́n a padà wá bu òmíràn, wọ́n a tún jáde lọ wo kànga. Ọbẹ̀ a dì, Ìyá Àgbà a máa kùn.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fìdí kalẹ̀ jẹun. Ta ló ń lé yín?"

"Ilẹ̀ tí o ní kí n fìdí lé yìí, ó ń yí lọ báyìí," ni èsì wọn. "Bí òun kò bá lè jókòó, èmi ta ni?"

Mo jogún àrùn náà. Bí mo ti ń kọ èyí, mo ti dìde lórí àga láìmọye ìgbà, mo ti lọ sẹ́nu fèrèsé, mo ti wo ibi tí ìkùukùu ń gbà. Ọ́fíìsì àwọn tó ń bá oníbàárà gbẹ́rù jáde ní wọ́ọ̀fù Àpápá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá mi sì ti sọ fún mi pé bí òjò bá ti ṣú, òun ti mọ̀ pé òun kò ní òṣìṣẹ́ mọ́.

Kànga ẹ̀yìnkùlé ni olórí gbogbo ọ̀rọ̀ Bàbá Tíṣà. Kì í ṣe kànga tí à ń mu omi rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ a wọ inú rẹ̀, nígbà òjò, a máa rùn, aṣọ lásán la fi ń fọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá ti ọ̀pá ọparun gígùn kan bọ inú rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa àti funfun ṣe àmì sára ọ̀pá náà láti òkè délẹ̀. Láàárọ̀, kí n tó wọ bàtà ilé-ìwé, mo gbọ́dọ̀ lọ tẹjú mọ́ ọn.

"Rùká, níbo ló wà?"

"Ó wà nísàlẹ̀ àmì funfun, sà."

"Lánàá ńkọ́?"

Ẹ gbà mí! Ta ló ń rántí ti àná? Ṣùgbọ́n bí n kò bá rántí, a jọ máa rìn dé etí kánààlì tó wà lẹ́yìn ilé ni, kí n lè fojú ara mi rí i. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ mi pé kánààlì yẹn ń bá ọ̀sà sọ̀rọ̀, ọ̀sà ń bá òkun sọ̀rọ̀, òkun sì ń mí bí èèyàn. Láti àárọ̀ dé alẹ́, omi a kún, a fà, a tún kún. Bí òkun bá ti kún, omi abẹ́ ilẹ̀ wa náà a gòkè. Bí òkun bá fà, tiwa náà a sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lójú kan náà. Wọ́n ní omi inú iyanrìn dà bí ọmọ tí a rán níṣẹ́ tó ń ṣeré lọ́nà: ó máa jẹ́ iṣẹ́ náà, àmọ́ ó máa pẹ́. Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ bí ẹni ṣọ́ olè. Wọ́n ní, "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ọmọ mi. Àwa tí à ń gbé orí omi, kí la ó fi ṣọ́ tiwa?"

Òṣùpá náà wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ìgbà tí oṣù tuntun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti ìgbà tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, ni omi máa ń kún jù, ìgbà yẹn náà ló sì máa ń fà jù. Èyí ló sọ bàbá di ọ̀rẹ́ àti oníjà Àáfà Jámíù, lémọ́ọ̀mù mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Tí ààwẹ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí gbogbo èèyàn bá ń wá oṣù, tí ìkùukùu sì bo ojú ọ̀run, Àáfà a yọjú lórí ògiri wa.

"Tíṣà, ojú ọ̀run ti dì o. Kí ni kànga yín wí?"

"Ó ní omi ń kún bọ̀. Ṣùgbọ́n kànga kì í ṣe ẹlẹ́rìí lọ́dọ̀ yín, Àáfà. Ẹ lọ fojú yín wá oṣù."

Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á wá jà. Àáfà á ní Ọlọ́run ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, kò sí ohun tí à ń fọparun wọ̀n níbẹ̀. Bàbá á ní, "Èmi náà kò sọ pé èmi ni mò ń ṣe é. Iṣẹ́ ọwọ́ Rẹ̀ ni mò ń wò. Ṣé ẹni tó ń wo iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ti ṣẹ̀ ni?"

Bí wọ́n bá ń kọ́ni, wọn kì í lo ọ̀rọ̀ ńláńlá. Wọ́n ní ayé yìí, agboolé kan ni, ojúlé mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ àti òkúta ń gbé ojúlé kan, omi ń gbé ọ̀kan, atẹ́gùn ń gbé ọ̀kan, gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, igi, ẹja, èèyàn, ń gbé èyí tó kù. Kò sí èyí tó tilẹ̀kùn mọ́ èkejì nínú wọn. Ó ní ọjọ́ kan tí wọ́n pe gbogbo wa wọ ilé ìdáná Ìyá Àgbà láti wá wo bí òjò ṣe ń rọ̀. Ọbẹ̀ ń hó lórí iná. Wọ́n ní kí a wo èéfín omi tó ń gòkè, kí a wo bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọmọrí ìkòkò tí wọ́n ti fi omi tútù nù, kí a wo bó ṣe ń kán padà. Wọ́n ní iná yẹn ni oòrùn, ìkòkò yẹn ni òkun, ọmọrí yẹn ni òkè ọ̀run tó tutù. Inú wa dùn. A ní kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un ṣe, a tún ní kí wọ́n tún un ṣe, títí ọbẹ̀ fi jóná kanlẹ̀. Ìyá Àgbà dé, wọ́n wo ìkòkò, wọ́n wo ọkọ wọn. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ pe òjò náà kó wá se òmíràn."

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé wọn kì í ṣì í o. Wọ́n ń ṣì í dáadáa. Ilá àti ata gbígbẹ ni Ìyá Àgbà ń tà, ojú oòrùn sì ni ọjà wọn. Láàárọ̀, atẹ́gùn a máa ti ilẹ̀ fẹ́ lọ sójú omi. Tó bá di ọ̀sán, á yí padà, á máa ti òkun bọ̀, á gbé òórùn ìyẹ̀fun àti òórùn epo láti ìhà Àpápá àti Kirikírí wá fún wa. Bàbá mọ wákàtí tó ń yí, imú wọn ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kan wọ́n sáré jáde, wọ́n ń pariwo pé òjò dé, kí gbogbo èèyàn kó aṣọ. Gbogbo ojúlé àdúgbò kó aṣọ. Ìyá Àgbà kó ilá, wọ́n kó ata, òógùn bò wọ́n. Ẹ̀kán kan kò kán sílẹ̀. Oòrùn ràn títí di ìrọ̀lẹ́, ata Ìyá Àgbà bu nínú àpò. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, bí bàbá bá kí èèyàn lójú ọ̀nà, ẹni náà á kọ́kọ́ wojú ọ̀run kí ó tó dáhùn. Wọn kò bínú. Wọ́n ní, "Àfọ̀rọ̀wérọ̀ lèmi àti ọ̀run jọ ṣe, a kò jọ tọwọ́ bọ̀wé."

Ìrìnàjò Iléyá sí Ìsẹ́yìn ni ìyà tó tóbi jù. Àwọn ọmọ ẹlòmíràn á sùn nínú mọ́tò. Àwa kò gbọ́dọ̀ sùn. Wọ́n á máa fi ìgbọ̀nwọ́ gún wa. "Wò ó, iyanrìn ti tán. Wo ilẹ̀ pupa yẹn. Wo bí igi ṣe ń dín kù. Wo òkúta yẹn tó yọrí jáde, ìdí rẹ̀ jìn ju bí ẹ ṣe rò lọ." Nígbà kan tí à ń padà bọ̀, wọ́n gbé odidi òkúta kan láti oko bàbá wọn, òkúta tó tó jókòó lé, wọ́n fi sáàárín ẹsẹ̀ èrò. Awakọ̀ ní, "Bàbá, àwọn èèyàn ń gbé iṣu lọ sí Èkó, ẹ̀yin ń gbé òkúta?" Bàbá ní, "Iṣu máa tán. Èyí ti wà níbẹ̀ kí Ìsẹ́yìn tó lórúkọ." Ẹ̀gbẹ́ kànga ni wọ́n gbé e sí. Wọ́n ní kò sí òkúta kan tí a bí ní Ajégúnlẹ̀, èyí tí a bá rí níbẹ̀, àlejò ni, ìdí nìyẹn tí àwọn fi mú ọ̀kan wá kí àwọn lè rí ará ilé bá sọ̀rọ̀.

Wàyí o, ìjà. Ẹni tó bá mọ Ajégúnlẹ̀ mọ̀ pé irà ló pọ̀ jù níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn èèyàn da ìdọ̀tí sí i, wọ́n da èérún pákó sí i, wọ́n da iyanrìn lé e, wọ́n kọ́lé. Kò sí ẹni tó lè bá wọn wí. Níbo ni kí wọ́n gbé? Papa Èjírò tó múlé tì wá, ọmọ Ùròbò tó ń gbẹ́rù ní wọ́ọ̀fù, fi iyanrìn kún ilẹ̀ tirẹ̀ títí ó fi ga ju tiwa lọ. Ẹ̀yìnkùlé wa nìkan ló kù bí ó ṣe rí, ilẹ̀ gbalasa tó rẹlẹ̀, tí kókò àti koríko hù sí, tí ọ̀pọ̀lọ́ ń ké níbẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ibẹ̀ ni omi gbogbo òpópónà ń sá wá. Lójú Bàbá Sàídì, ohun ìtìjú ni. Wọ́n fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, wọ́n bẹ̀bẹ̀ títí, bàbá kò gbà. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan tí bàbá wà ní mọ́ṣáláṣí, Bàbá Sàídì mú típà iyanrìn wá.

Mo wà nílé. Mo rí bàbá bí wọ́n ṣe yọ lókèèrè, tí wọ́n rí ẹ̀yìn típà tó fẹ́ wọ ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ilé. Wọn kò pariwo. Wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé, wọ́n yí òkúta Ìsẹ́yìn wọn gbirigbiri dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì jókòó lé e. Awakọ̀ fọn fèrè. Bàbá jókòó. Awakọ̀ sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe." Wọ́n ní, "Èmi náà wà lẹ́nu iṣẹ́." Oòrùn yí lórí wọn, wọ́n jókòó. Ẹni tí kò lè jókòó jẹ òkèlè méjì pọ̀! Ìyá Àgbà yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ní kí n lọ fọwọ́ kan bàbá bóyá ara wọn kò yá.

Bàbá Sàídì, tí bàbá ń pè ní Kámọ́rù, kúnlẹ̀ níwájú wọn. "Bàbá, ilẹ̀ lásán ni. Omi ìdọ̀tí ló kàn ń jókòó síbẹ̀."

"O ṣeun tí o mọ̀ pé ó ń jókòó. Àlejò ni omi, Kámọ́rù. Bí o kò bá fún un láàga, orí ibùsùn rẹ ló máa jókòó sí."

Típà padà sẹ́yìn, ó lọ ta iyanrìn rẹ̀ síbòmíràn, bàbá sì yí òkúta wọn padà sí ẹ̀gbẹ́ kànga. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò ńlá dé lọ́dún yẹn, Papa Èjírò wọ́ ẹsẹ̀ nínú omi wá sí ẹnu ọ̀nà wa, ó ká ṣòkòtò sókè, ó ní, "Teacher, that water wey I pursue, e don enter my mama bedroom o. E dey sleep for her bed." Mo retí pé kí bàbá fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú òòlù, wọ́n lọ sídìí ògiri tó wà láàárín wa, wọ́n fọ́ búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ jáde pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn, omi ilé Papa Èjírò sì ń ṣàn wọ ẹ̀yìnkùlé wa. Ihò yẹn wà níbẹ̀ títí dòní. Láti ọjọ́ náà, Papa Èjírò kì í kọjá láìbèèrè pé, "Teacher, how body? How water?"

Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ wọn dúró, ṣùgbọ́n ara wọn kò dúró. Wọ́n á máa yí síhìn-ín, wọ́n á máa yí sọ́hùn-ún, ojú wọn á wà lójú fèrèsé. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí n tó kí wọn tán, "Rùká, níbo ló wà?" Mo máa ń lọ wò ó, mo máa ń wá sọ fún wọn. Ní ọjọ́ kan, wọ́n ní kí a má fi omi kànga náà fọ aṣọ mọ́, kí a má fi ṣe ohunkóhun mọ́, kí a máa ra tàwọn tó ń gbé omi kiri. A bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Kànga yẹn ti ṣe tirẹ̀." A rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní àṣẹ: "Ẹ̀gbẹ́ òkúta mi, lẹ́yìnkùlé, ibẹ̀ ni kí ẹ sin mí sí." Bàbá Sàídì ní ilẹ̀ ibẹ̀ kò dára fún sàréè. Bàbá ní, "Kámọ́rù, ṣé ìwọ lo máa sùn níbẹ̀ ni?"

Wọ́n kú bí wọ́n ṣe kírun Àsùbáà tán lórí ìjókòó.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró létí sàréè tó kún fómi láàárọ̀ yẹn. Obìnrin kì í dá sí ọ̀rọ̀ sàréè nínú ilé wa. Àyè tiwa ni inú yàrá, ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò gbà láti dúró síbẹ̀. Mo lọ sídìí kànga, mo tẹjú mọ́ ọ̀pá ọparun. Omi ti bo àmì pupa tó ga jù. Ìgbà náà ni mo rántí pé ìrọ̀lẹ́ àná ni oṣù tuntun lé. Òkun kún, kò sí ohun mìíràn. Ó kún ní ìdájí, omi abẹ́ ilẹ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an ni. Bí a bá fún un láyè, á padà.

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Àáfà Jámíù. "Àáfà, ẹ dákun, ẹ bá mi wá wo kànga."

Bàbá Sàídì ní, "Rùká! Ṣé àsìkò eré nìyí? A kì í dá òkú Mùsùlùmí dúró. Mọ́tò tó máa gbé wọn ti ń bọ̀."

Àáfà dìde. Wọ́n tẹ̀lé mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọ́n wo inú kànga, wọ́n wo ọ̀pá, wọ́n sì fi ohùn wọ́ọ́rọ́ bi mí ní ìbéèrè tí mo rò pé n kò ní gbọ́ mọ́ láyé.

"Níbo ló wà?"

"Ó ti bo àmì pupa, sà. Oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Lẹ́yìn ìrun Àílà, á ti fà."

"Ẹ̀rí rẹ dà?"

"Ẹ̀yin náà lẹ máa ń bi í, Àáfà. Kò purọ́ fún yín rí."

Àáfà Jámíù wẹ̀yìn wo àwọn èèyàn tó kún àgbàlá. Wọ́n ní, "Bàbá Sàídì, kí a yára, òótọ́ ni. Kí a sin Mùsùlùmí sínú omi, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àílà kò jìnnà. Bí omi kò bá fà lẹ́yìn ìrun, ẹ gbé wọn lọ." Bàbá Sàídì wo mọ́tò tó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n gbà.

Ẹ ò rí ìdààmú! Bí omi kò bá fà, èmi ni mo máa sọ bàbá di ẹni tí ilẹ̀ kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo lọ sídìí kànga, mo padà. Mo wọ ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, mo jáde. Mo tún lọ. Kò yí padà. Mo ń gbọ́ àwọn èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Papa Èjírò dé láti wọ́ọ̀fù pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó dúró tì mí, ó ní, "Ruka, no fear. For wharf today water high well well, but e must go back." Àmọ́ ojú òun náà kò kúrò lára ọ̀pá yẹn. Atẹ́gùn yí padà, mo gbọ́ òórùn ìyẹ̀fun. Ìgbà náà ni mo rí i: ìlà tútù kan lára ọparun, òkè ibi tí omi wà. Àmì pupa ti yọjú. Mo pariwo, n kò mọ ohun tí mo sọ.

Nígbà tí wọ́n kírun Àílà tán, omi sàréè ti sọ̀kalẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ gbọ́n èyí tó kù, wọ́n dúró, gbogbo wa dúró. Kò sun mọ́. Ìsàlẹ̀ tutù, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n iyanrìn tó dì ni, kò sí omi lójú rẹ̀. Wọ́n da iyanrìn gbígbẹ sí i, wọ́n gbé Bàbá Tíṣà wọlẹ̀, wọ́n to pákó lé wọn, wọ́n sì yí òkúta Ìsẹ́yìn síbi orí wọn. Obìnrin àárọ̀ yẹn kan náà tún káwọ́ lérí lẹ́yìn mi. Ó ní, "Ilẹ̀ ti gbà wọ́n o! Alihamdulilahi!" Mo fẹ́ dá a lóhùn, àmọ́ ẹkún tí mo ti ń wá láti àárọ̀ ti dé.

Àwọn èèyàn tú ká. Bàbá Sàídì nìkan ló kù létí sàréè, èmi náà sì wà níbẹ̀ torí pé mo ń lọ mo ń bọ̀ ni. Fóònù wọn dún. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin tó ń bèèrè pé ọjọ́ wo ni kí òun gbé iyanrìn wá, pé ṣebí wọ́n ti ní kí òun máa retí ìpè wọn lẹ́yìn ìsìnkú. Bàbá Sàídì ṣí ẹnu láti dáhùn. Wọ́n wo ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ yẹn, wọ́n wo ihò ara ògiri, wọ́n wo sàréè tó wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀. Ta ló máa da típà iyanrìn lé bàbá rẹ̀ lórí, kó kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀? Èmi náà wo kànga tí bàbá ti ní kí a pa tì, kí a má baà lo omi ẹ̀gbẹ́ sàréè, gbogbo rẹ̀ sì yé mi pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá Sàídì pa fóònù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín, omijé ń dà pòròpòrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn.

"Rùká," wọ́n ní, "bàbá yìí tún ti jókòó síwájú típà."